Kóró Òyìnbó Tí Mo Gbé Mì Lójú Wọn

Ilé Ọlọ́pọ́n, Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Fawziyah ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Rotterdam ò tíì mú yín? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ òru yẹn ò tíì mú un gbẹ tán? Àwa wà níbí, a ń dúpẹ́. Nasrullah àbúrò rẹ kí ọ. Kafilat ìyàwó rẹ̀ náà kí ọ.

Má bi mí ìdí tí n kò fi pè ọ́. Ibi tí wọ́n ń gbé sétí lára fóònù mi ti kú. Bí n kò bá tẹ ibi tó ń pariwo, n kò ní gbọ́ nǹkan kan, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìkòríta Sekona tí mo ti ń tajà ló ń bá mi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó o pè pé àwọn èèyàn ìjọba ọ̀dọ̀ yín mú àgúnmu mi lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wa tà á, kí n tó pa fóònù, awakọ̀ tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi ti ń bi mí pé, "Ìyá Fawziyah, ṣé kì í ṣe pé ẹ po igbó mọ́ ọn?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòríta. Ìwé ni kó o máa kọ sí mi. Salman ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kó ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù wá láti ọ̀dọ̀ yín yóò máa gbé e lọ, yóò máa gbé e bọ̀.

Ó yá, dá mi lóhùn. Kí ni wọ́n rí nínú àgúnmu mi? Èmi ni mo lọ já ewé ní Alajue. Èmi ni mo sá a sí ibòji kí òrùn má baà pa agbára rẹ̀. Mo gún un, mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, eruku kan ò bọ́ sí i. Mo lọ sí Òṣogbo lọ tẹ ìwé aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, mo kọ gbogbo ohun tó ń wò síbẹ̀: jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, inú rírun, ẹ̀yìn dídùn, àìrọ́mọbí. Owó ewé, owó ìwé, owó ẹrù tí Salman gbà, gbogbo rẹ̀ jókòó sí mi láyà.

Sọ fún wọn pé ìyá àgbà rẹ tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ta àgúnmu fún ẹnikẹ́ni kó má kọ́kọ́ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, kó lá a lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Èmi náà ò ta á rí kí n má lá a. Ọgbọ̀n ọdún ó lé nìyí tí mo ti ń lá a. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ò kú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fàtímọ̀.


Rotterdam
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2024

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo ẹbí. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọkọ mi ní kí n bá òun kí yín, ó ní òun ò tíì gbẹ tán.

Màámi, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé wọ́n rí ohun burúkú nínú àgúnmu yín. Ìwé aláwọ̀ mẹ́ta yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Níbí, oúnjẹ lọ́tọ̀, oògùn lọ́tọ̀. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sára nǹkan pé ó ń wo àìsàn, oògùn lẹ pè é yẹn, ì báà jẹ́ omi lásán ló wà nínú rẹ̀. Oògùn kò sì gbọdọ̀ dé orí àtẹ láìgba àṣẹ. Bí ẹ bá pè é ní oúnjẹ tó ń ran ara lọ́wọ́, bí àwọn fítámì wọ̀nyí, wọ́n á gbà yín láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ àìsàn kankan. Àní ọ̀rọ̀ tí ẹ máa sọ nípa agbára rẹ̀, àwọn ni wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sọ ọ́.

Mo bi wọ́n bóyá ọ̀nà kankan wà fún egbòogi ìbílẹ̀. Wọ́n ní ó wà. Ẹ óò fi ẹ̀rí hàn pé àwọn èèyàn ti ń lò ó fún ọgbọ̀n ọdún. Inú mi dùn, mo ní ìyá mi ní ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ní Yúróòpù níbí. Wọ́n ní àìsàn tó sì lè wà lára ìwé rẹ̀ ni irú èyí tí èèyàn lè tọ́jú fúnra rẹ̀ láìrí dókítà. Ìyẹn nìkan kọ́, ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wo ohun tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan kí gbogbo wọn bára mu. Owó tí wọ́n pè, Màámi, bí a bá ta ilé Ọlọ́pọ́n, kò ní tó o.

Obìnrin Gánà tó ni ṣọ́ọ̀bù tó ń bá wa tà á ní òun ò lè gbé e mọ́, wọ́n ti bu owó ìtanràn fún un. Èmi ni mo san án.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ọkùnrin òyìnbó kan wà ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní àwọn fítámì tó fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú. Ìgò rẹ̀ dára, ó ń dán. Bí mo bá rà á, tí mo fi ránṣẹ́, ẹ óò tà á ní Sekona, ẹ óò sì rí owó àgúnmu yín padà.

Ọmọ yín,
Fawziyah.


Ilé Ọlọ́pọ́n, Ẹdẹ
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2024

Fawziyah,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, kò yé mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó yé mi.

Kí ni wọ́n pe èyí? Kí àgúnmu tí wọn ò jẹ́ kó wọ ìlú wọn ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ìlú wọn kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ ìlú wọn! Ta ló jókòó ro ìyẹn? Ó dà bí ọkùnrin tó ní òun ò ní fẹ́ obìnrin níyàwó àyàfi tó bá ti kọ́kọ́ bímọ méjì fún òun. Gbogbo àwọn tó lo àgúnmu ní Ẹdẹ, láti ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi, wọn kì í ṣe èèyàn nìyẹn? Ìgbẹ́ tí wọ́n yà kì í ṣe ìgbẹ́?

Kí ẹni tó ń ta oògùn má sọ ohun tó ń wò. Kí ló wá fẹ́ máa sọ? Kó máa rẹ́rìn-ín? Mo sọ fún Kafilat, ó ní bóyá ẹni tó bá rà á ló máa gbé e délé tí yóò máa fi orí ara rẹ̀ wádìí. Ọ̀rọ̀ wọn ń kó mi nírìíra. Wọ́n á fi ọwọ́ méjì gba epo pupa, kòkó, ata ilẹ̀, gbogbo nǹkan tí kò bá ti sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí tiwa bá lanu pé òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, wọ́n á ní kó lọ mú ẹlẹ́rìí wá.

Ní ti fítámì rẹ. N kò kọ̀ ọ́, nítorí mo fẹ́ owó mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń ṣòwò kí wọ́n tó bí ọ. Ọjà gidi kì í wá oníbàárà kiri. Bí nǹkan bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú? Bi òyìnbó yẹn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún mi: ṣé àwọn ọmọ tirẹ̀ ń gbé e mì? Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ni mo bi ọ́ o. Ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọmọ wọn ni mo bi ọ́. Dá mi lóhùn gbangba.

Owó ìtanràn tó o san, Ọlọ́hun á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó nípọn.

Ìyá rẹ,
Fàtímọ̀.


Rotterdam
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìmúra ẹ̀ẹ̀rùn. Ayọ̀ ńlá ni mo gbọ́ lẹ́nu Nasrullah. Kafilat ti lóyún! Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí gbogbo wa ti ń ṣe àdúà! Kí Ọlọ́hun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́.

Mo ti kó fítámì náà, páálí mẹ́fà, sínú ẹrù Salman. Fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa, ó ń ran ojú lọ́wọ́, ó ń jẹ́ kí awọ ara dán. Ẹyọ kan ni lóòjọ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ìbéèrè yín, Màámi, gbogbo èèyàn níbí ló ń lo fítámì. Àgbà ń lò ó, ọmọdé ń lò ó, nítorí oòrùn wọn ò tó nǹkan. Wọ́n gé owó rẹ̀ nítorí ilé ìkẹ́rùsí fẹ́ kó kúrò kí ààyè lè gba ọjà tuntun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgò kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà kò ní pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ ìwé aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ ọn.

Ọmọ yín,
Fawziyah.


Ilé Ọlọ́pọ́n, Ẹdẹ
Ogúnjọ́, Oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Fawziyah ọmọ mi,

Ẹrù dé, páálí mẹ́fà pé. Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí Salman sí.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ṣe nǹkan yìí? Mo ṣí ìgò kan, òórùn ẹja tó kú sínú kànga ló kọ lù mí. Kóró rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ojú ẹja, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́, á tún padà wú. Mo wẹ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ mi, òórùn náà ò lọ. Ológbò ilé yìí tẹ̀ lé mi títí dé ilé ìwẹ̀.

Ó ń tà ṣá. Orúkọ òyìnbó ló ń tà á, kì í ṣe òórùn rẹ̀. Awakọ̀ ń rà á, tíṣà ń rà á, àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti Awo ń rà á fún ojú. Ìyọnu ibẹ̀ kò ju pé wọ́n á kọ́kọ́ wò mí lójú. "Ìyá Fawziyah, nọ́mbà NAFDAC rẹ̀ dà?" Èmi á ní, "Ọmọ bíbí inú mi ló fi ránṣẹ́. Ẹ wò mí." Màá mú ẹyọ kan, màá jù ú sẹ́nu, màá fi omi gbé e mì lójú wọn. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe àgúnmu ni mo ṣe ń ṣe é. Ẹni tí kò bá lè gbé ọjà tirẹ̀ mì, kó má tà á. Bí oníbàárà bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbé e mì tó. Lọ́jọ́ ọjà, mo lè gbé mẹ́wàá, mo lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ya ìgò kan sọ́tọ̀ fún ìyẹn, mo kà á mọ́ ìnáwó.

Ọyẹ́ ọdún yìí burú. Orí ń fọ́ mi láràárọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Ètè mi ti là sí méjì, awọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń bó bí ti àgbàdo. Lánàá mo ya orí, irun wálẹ̀ ní ìdì. Mo ti lo àgúnmu, kò gbọ́. Bí o bá mọ ìpara tó dára, fi ránṣẹ́.

Mo fún Kafilat ní ìgò méjì, n kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní òórùn rẹ̀ ń gbé èébì bọ̀. Mo ní, "Wo aláṣejù! Ọmọ inú ẹ ló ń yan ohun tó máa jẹ báyìí?" Mo gbé ọ̀kan mì lójú rẹ̀, mo ya ẹnu kó lè rí i pé ó ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Alaalẹ́ ló ń lò ó báyìí.

Ó ku páálí méjì. Bá òyìnbó yẹn sọ̀rọ̀ kó tún fi òmíràn pa mọ́.

Ìyá rẹ,
Fàtímọ̀.


Rotterdam
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kẹta, 2025

Màámi mi ọ̀wọ́n, ìyá tó ju ìyá lọ,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́hun á gbà á ní iṣẹ́ rere. Mo fi dàbínù ránṣẹ́ fún ìṣínu, kí ẹ pín in fún ilé. Òtútù ti ń dín kù níbí. Ọkọ mi kúrò níbi iṣẹ́ òru, wọ́n ti gbé e sí ti ọ̀sán. Ìgbà tí ẹ bá wá síbí, ẹ óò rí bí òdòdó ṣe ń tanná.

Màámi, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó bà yín lọ́kàn jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kóró yẹn mì mọ́. Ẹyọ kan lóòjọ́ ni mo kọ sí yín. N kò mọ̀ pé ẹ óò máa lá a bí àgúnmu. Ẹ rọra gba ti Kafilat náà padà. Ẹ sọ fún un pé ó ti tán, tàbí pé ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Òfin ibí ò fẹ́ kí aláboyún lo irú rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe májèlé. Ọ̀rọ̀ òfin lásán ni. Wọ́n ní fítámì A tó wà nínú ẹyọ kan ju ìwọ̀n tí àwọn gbà láyè lọ, wọ́n sì ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kó o kúrò lórí àtẹ. Ìdí nìyẹn tó fi pọ́ọ́kú. Mo rò ó pé ara àwọn òyìnbó ni kò gba nǹkan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí òfin wọn ṣe rí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní ó kó yín nírìíra. Mo sì ń ro owó àgúnmu yín tó ṣòfò nítorí mi.

N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù nítorí ẹ mọ̀ bí fóònù yín ṣe ń pariwo, ọjà sì ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á ba orúkọ yín jẹ́ ní Sekona. Ẹ dákẹ́ sí i. Ẹ ta ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ, kí ẹ má tà á fún ará ilé. Bí ẹ bá ka ìwé yìí tán, ẹ dáná sun ún.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Fawziyah.


Ilé Ọlọ́pọ́n, Ẹdẹ
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹta, 2025

Fawziyah,

Mi ò kí ọ. Bí mo bá kí ọ nínú ìwé yìí, ìbínú mi á di ẹ̀tàn.

Salman gbé ìwé rẹ dé lánàá pẹ̀lú dàbínù. Dàbínù náà wà lórí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò fi ṣínu. Omi ni mo fi ṣínu.

Má rò pé ìwé rẹ ló là mí lójú. Ààwẹ̀ ló là mí lójú. Láti ìgbà tí oṣù ti lé, n kò lè gbé nǹkan mì lójú oníbàárà mọ́ lọ́sàn-án. Mo ń sọ fún wọn pé, "Ẹ dákun, mo ń gbààwẹ̀," wọ́n sì ń fojú rere gbà á. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kọjá, ẹni tó ń gún iyán nínú orí mi dẹwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé. Mo ní, áà! Láti kékeré ni mo ti ń gbààwẹ̀, ààwẹ̀ ò wo ètè mi sàn rí. Oúnjẹ tí mo ń jẹ, kò yí padà, ìgbà tí mo ń jẹ ẹ́ ló yí padà. Kí ni mo wá yọ kúrò lẹ́nu pátápátá? Kí n tó fèsì fún ara mi, mo ti dìde. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gba ìgò Kafilat lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kó ìyókù kúrò lórí àtẹ kí o tó máa kọ́ mi ní ẹni tí n óò tà á fún.

Nítorí náà kì í ṣe kóró ni mo fẹ́ bá ọ sọ báyìí. Kóró yẹn rí mi lára, ṣùgbọ́n ìwọ rí mi lára jù ú lọ.

Mo bi Salman ìgbà tó fi ìwé mi ti oṣù kìn-ín-ní lé ọ lọ́wọ́. Ó ní kí oṣù náà tó parí ni. Ó ní o kà á lójú òun, nígbà tó o dé ìdajì rẹ̀, o fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bi ọ́ pé kí ló dé, o ní kò sí. Ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ. Oṣù kejì dé, ó sì kọjá.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ oṣù kejì yẹn, o ń pè mí láti kí mi lásán. O bi mí ní àlàáfíà. Mo sọ fún ọ pé ètè mi ń ṣẹ̀jẹ̀. O ní kí n fi òrí pa á. Fawziyah, o ní kí n fi òrí pa á! Mo fún Kafilat ní fóònù. O bi í léèrè ikùn, ó ní ọmọ ti ń tapá. O ní, "Ọlọ́hun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Ó ṣe àmín. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó tún gbé ọ̀kan mì. Èmi ni mo bu omi fún un.

"Màámi, ẹ dáwọ́ dúró." Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ. Awakọ̀ ì bá gbọ́ ọ, kí ló máa fi ṣe? "Màámi, ẹ má gbé e mì mọ́." Ta ni ìyẹn máa pa? O dúró títí oṣù kan fi kọjá, o wá kọ ọ́ sínú ìwé tó máa rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, o sì to òdòdó Rotterdam síwájú rẹ̀ kí n tó débẹ̀. Gbogbo ìyẹn kí ará Sekona má baà gbọ́.

Mo bú òfin wọn nínú ìwé tí mo kọ sí ọ. Mo ṣì ń bú èyí tó ní kí àgúnmu mi bẹ̀ wọ́n wò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n èyí tó ní kí wọ́n gbé ìgò yẹn kúrò lórí àtẹ, mo ti mọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Irú ìwọ ni wọ́n ṣe é fún. Wọn ò mọ orúkọ ẹni tó máa rà á, síbẹ̀ wọ́n ní kó má wọ ẹnu rẹ̀. O gbé e níbi tí wọ́n dà á nù sí, o gbé e wá fún ẹnu tó fún ọ lóúnjẹ. Mo bi ọ́ ní gbangba: ṣé àwọn ọmọ tirẹ̀ ń gbé e mì? O fi oòrùn dá mi lóhùn. O wá ní kí n ta ìyókù fún àwọn tó ń kọjá lọ. Ṣé àwọn tó ń kọjá lọ ò ní ìyá ni?

A gbé Kafilat lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó gba ìgò náà lọ́wọ́ mi kà á, ó ní fítámì A tó pọ̀ báyìí lè ba ọmọ inú jẹ́. Wọ́n yẹ ikùn rẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn ò tíì rí nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà títí ọmọ yóò fi wálé ayé. A ó máa padà lọ. Nasrullah ń wá kí mi láràárọ̀, á dọ̀bálẹ̀, á dìde, á padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ọsibítù, nínú ọkọ̀, Kafilat ò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà ṣáà gbé e mì lójú mi."

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu tí mo fi ń lá àgúnmu ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́ bí ẹni fi ogún lé ọmọ lọ́wọ́, òun lo fi ta ọjà rẹ. Kì í ṣe orúkọ òyìnbó ló tà á. Mo purọ́ ìyẹn fún ọ. Ẹnu mi ni wọ́n rà. Bí mo bá bu àgúnmu sí àtẹ́lẹwọ́ báyìí, ọwọ́ mi á dúró lójú ọ̀nà.

Mo da gbogbo kóró tó kù sínú ṣáláńgá, mo fọ́ àwọn ìgò kí ọmọdé má baà fi bu omi. Ẹni tó bá dá tirẹ̀ padà, mo ń fún un ní owó rẹ̀ láìbi í ní nǹkan kan. Àwọn ará Sekona ń dá a padà. Àwọn ará Awo ti gbọ́, wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó rà á tó sì gba Ìwó kọjá, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Obìnrin tó ní ọmọ òun ń relé ọkọ, tó rà á kí ara ọmọ lè dán, n ò mọ orúkọ rẹ̀. Wọn ò ní mọ̀ àyàfi tí àwọn tó mọ̀ wọ́n bá sọ fún wọn, àwọn tó mọ̀ wọ́n ò sì ní sọ àyàfi tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó fi ránṣẹ́. Èmi ti sọ tèmi. Wọ́n ń ṣe mí ní "ẹ pẹ̀lẹ́," wọ́n rò pé mo kàn ń bẹ̀rù nítorí oyún ìyàwó ọmọ mi ni, pé ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n óò ṣe nìyí. N ò dáná sun ìwé rẹ, ṣùgbọ́n n ò ní kà á fún ẹnikẹ́ni, nítorí ohùn mi ò yẹ kó tún jẹ́rìí fún ọ mọ́. Ọjọ́ Àlàmísì tó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí Salman bá fi èyí lé ọ lọ́wọ́, pè mí. Pè mí lọ́sàn-án, nígbà tí ọkọ̀ Ìwó àti ọkọ̀ Ifẹ̀ bá ti dúró sí ìkòríta tí àwọn awakọ̀ ń jẹun. Màá gbé fóònù sórí àtẹ, níbi tí ìgò rẹ wà tẹ́lẹ̀. Kafilat yóò jókòó tì mí, ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀.

Má kí mi. Má bi mí ní àlàáfíà. Dárúkọ ara rẹ àti ilé tí wọ́n bí ọ sí, kó o sọ ohun tó wà nínú ìgò náà, kó o sọ ibi tó o ti gbé e, kó o sì sọ ọjọ́ tó o ti mọ̀.

Bí o ò bá tíì lè sọ gbogbo rẹ̀, má tíì pè. O mọ̀ pé fóònù mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Fàtímọ̀.